Páàdì Wà Nínú Ìwé, Ojúgun Kò Sí Níbẹ̀

Ìwé ìhágún Dámisọ́lá Ọlátúbọ̀sún

Ní àràárọ̀, kí n tó bọ́jú, mo máa ń mú ọ̀pá họ́kì mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo máa ń tú aṣọ tí mo fi wé ọwọ́ rẹ̀, n óò gbọn eruku rẹ̀ nù, n óò sì tẹ́ ẹ sórí itan. N óò kán àdín sí àkísà lẹ́ẹ̀mẹta, n óò fi pa igi náà láti ibi tí ó ti tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ títí dé òkè, nítorí pé ọyẹ́ máa ń la igi bí ó ti ń la ètè. N óò fi èékánná wá ibi tí ó bá ti fẹ́ sán. Lẹ́yìn náà n óò wé aṣọ náà padà ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé, nítorí pé bí ó bá lé, ọwọ́ mi kò ní ká a mọ́.

Mo kọ èyí ṣáájú orúkọ mi kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orí mi kò pé nígbà tí mo kọ ìwé yìí. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé kì í ka iye ìgbà tí ó wé aṣọ.

Èmi, Dámisọ́lá Abọ́sẹ̀dé Ọlátúbọ̀sún, ẹni ogún ọdún, ọmọ bíbí Ṣakí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlá Ọ̀ràngún, aṣọ́lé ikọ̀ họ́kì àwọn obìnrin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ara mi le, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ìwé yìí pa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu tí mo ti sọ ṣáájú rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àwọn tí mo yàn láti mú un ṣẹ ni Màmá Oyèbísí, onílé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti Obed, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ẹrù eré ìdárayá.

Ìdí tí ẹni ogún ọdún fi ń kọ ìwé ìhágún nìyí. Lọ́la, ikọ̀ wa yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àkúrẹ́ fún ìdíje. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Kóòṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Adémúyìwá, pín fọ́ọ̀mù kan fún wa lórí pápá. Wọ́n ní adójútòfò ti wà lórí gbogbo wa, pé bí ohunkóhun bá ṣe wá, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀, kí á ṣáà fọwọ́ sí i pé a ti gbọ́, a kò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi ẹ̀yìn ara wọn ṣe tábìlì, wọ́n fọwọ́ sí i. Èmi ní n kò mú bírò wá. Bírò náà wà nínú irun mi. Olúrẹ̀mí, balógun ikọ̀, rí i, ó sì bi mí níwájú gbogbo wọn bóyá ọmọ Ṣakí kì í fọwọ́ síwèé ni, àbí àtàǹpàkò ni a ṣì ń tẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò yọ bírò náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo lọ bá Obed ní sítọ́ọ̀, mo ní kí ó jọ̀wọ́ fi ìwé adójútòfò hàn mí. Ó fà á yọ lábẹ́ àpò bọ́ọ̀lù. Ojú ewé mọ́kànlá ni. Ojú ewé kejì àti ẹ̀kẹta ṣì lẹ̀ mọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ti ilé ìtẹ̀wé wá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kà á. N kò pe Kóòṣì ní òpùrọ́. Ẹni tí kò ka ìwé, tó sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn, yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀. N kò tíì rí i.

Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣòro, kò sì fara pamọ́. Bí iná bá jó sítọ́ọ̀, wọn yóò san án. Bí olè bá já àgádágodo wọlé, wọn yóò san án. Bí àwa bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, a jẹ́ pé a fi ta olè lọ́rẹ ni. Bí ọ̀pá tàbí akoto bá fọ́ lórí pápá tàbí nínú ọkọ̀ tó dànù, wọn yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá gbó fúnra rẹ̀, kò kàn wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù wa bá fọ́ fèrèsé onílé, wọn yóò tún fèrèsé náà ṣe. Ní ojú ewé keje ni wọ́n ti kọ ọ́ kedere pé ẹrù nìkan ni ìwé náà wà fún, pé ara ẹni tó ń lo ẹrù náà kò sí nínú rẹ̀. Fèrèsé ẹni tí a kò mọ̀ wà níbẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ìwé tí èmi náà wà nínú rẹ̀.

Ìpín kìíní. Ọ̀pá họ́kì mi, tí bàbá mi fi igi ọsàn gbẹ́ fún mi ní Ṣakí, mo fi sílẹ̀ fún Olúrẹ̀mí. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Láti ìgbà tí mo ti dé ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yá ọ̀rọ̀ lò tó sì fẹ́ dá a padà láìfọ́. Ó ní bí mo bá lè ṣọ́lé bí mo ṣe ń ṣọ́ ẹnu mi, kò sí ikọ̀ tí yóò jẹ góòlù lórí wa. Ṣùgbọ́n ẹnu góòlù ni èmi máa ń dúró sí, ibi tí a ti ń rí gbogbo ènìyàn láti ẹ̀yìn, mo sì ti rí i pé òun nìkan ló máa ń sáré padà wá gbèjà nígbà tí ó bá ti rẹ àwọn yòókù. Ọ̀pá náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹrù ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà adójútòfò kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ó bá ṣẹ́, ó ṣẹ́ nìyẹn. Kí ó máa fi àdín pa á.

Ìpín kejì. Páàdì funfun méjì tí mo ń dè mọ́ ojúgun kì í ṣe tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ ló ni wọ́n, n kò sì lè fi wọ́n há ogún. Mo kàn fẹ́ kí ìtàn wọn wà nínú ìwé kan. Fúnminíyì, ọmọ ìlú Ọ̀rà nítòsí Ìlá, ló ń ṣọ́lé kí n tó dé. Ní ìdíje ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan fọ́ páàdì rẹ̀, ó sì dá egungun ojúgun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kóòṣì fi ìyá rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé adójútòfò wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé Ìlá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì, mò ń dúró láti forúkọ sílẹ̀, nígbà tí ìyá náà ru iṣu wá láti Ọ̀rà. Wọ́n kúnlẹ̀ fún àwọn ará ọ́fíìsì, wọ́n ń dúpẹ́. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ti fèsì, wọ́n sì ní àwọn kì í ṣe ẹni tó ń dúró kí oore dé ọwọ́ kí àwọn tó mọ ọpẹ́ ẹ́ dá.

Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ náà ti fèsì. Páàdì tuntun méjì ni èsì náà, nínú ọ̀rá tí a kò tíì tú. Obed ti fi déètì rẹ̀ hàn mí nínú ìwé sítọ́ọ̀. Mo rí ojú àwọn ará ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Olúkúlùkù ń dúró kí ẹnìkejì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gba iṣu. N kò mọ ohun tí mò ń wò nígbà yẹn. Láti àná ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà n kò sàn jù wọ́n lọ.

Ìpín kẹta. Ẹ̀dà ìwé adójútòfò tí mo ṣe, tí mo fi bírò pupa kọ Yorùbá sí etí rẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún ìyá Fúnminíyì. Kí Màmá Oyèbísí bá mi kà á fún wọn ní ohùn Ìgbómìnà, nítorí pé Yorùbá tèmi ṣàjèjì níbí. Kí wọ́n jáwọ́ nínú dídúró, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpín kẹrin. Ilé, n kò ní. Yàrá kan ni mo gbà, ó sì di oṣù Kẹsàn-án kí ọdún rẹ̀ tó pé. Mo fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ fún Fúnminíyì kí ó lè padà sí kíláàsì, nítorí pé ẹsẹ̀ yẹn kò lè máa gun ọ̀kadà láti Ọ̀rà lójoojúmọ́. Kí ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kí ó mọ̀ pé ibẹ̀ máa ń dákẹ́ jù ní ọjọ́ Sátidé. Èmi máa ń fi etí mọ àwọn tó ń kọjá lójú títì láti ara bí wọ́n ṣe ń wọ́ sálúbàtà. Mo ti mọ ènìyàn mẹ́sàn-án báyìí, n kò sì mọ orúkọ ẹnìkan nínú wọn.

Ìpín karùn-ún. Àgbébọ̀ adìẹ mi kan ṣoṣo, tó ń yé sábẹ́ àtẹ̀gùn, kí ó padà di ti Màmá Oyèbísí. Àwọn ni wọ́n fún mi ní òròmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń bá ọ̀pá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó kéré tán, adìẹ á máa dáhùn.

Ìpín kẹfà. Gbèsè. Mo jẹ Obed ní agboòrùn kan àti ọ̀rọ̀ kan. Agboòrùn náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yá mi ní oṣù Kẹwàá, òun fúnra rẹ̀ sì gba inú òjò lọ sílé. Kò béèrè rẹ̀ rí. N kò dá a padà, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ mi, ó ku ohun kan tí a óò jọ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni pé mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Ìpín keje. Fọ́ọ̀mù tí n kò fọwọ́ sí, mo dá a padà fún Ọ̀gbẹ́ni Adémúyìwá bó ṣe wà. N óò lọ sí Àkúrẹ́. N óò ṣọ́lé. Bí wọ́n bá ní ẹni tí kò fọwọ́ sí i kò ní wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n gbé páàdì náà jókòó sí ibi tèmi, òun ṣáà ní adójútòfò, kí á wá wo iye góòlù tí yóò mú.

Ibi tí mo rò pé n óò parí sí nìyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìwé náà fún Màmá Oyèbísí pé kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Wọ́n ní ẹni tí a há ogún fún kì í jẹ́rìí sí i, kí n mú adìẹ mi. Mo fagi lé ìpín karùn-ún. Wọ́n dé orí ìpín kẹrin, wọ́n béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì mi fẹ̀ tó fún ènìyàn méjì. Nígbà tí wọ́n dé orí ìpín kẹta, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni a fẹ́ rán sí ìyá ọlọ́mọ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Wọ́n ká ẹ̀dà náà, wọ́n fi sínú Bíbélì wọn, wọ́n ní Ọ̀rà ni àwọn ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Mo fagi lé ìpín kẹta pẹ̀lú. Ìyókù dúró.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, ọdún 2025.

Dámisọ́lá A. Ọlátúbọ̀sún

Ẹlẹ́rìí kìíní: Oyèbísí Ìyádùnní Àjàyí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, onílé.
Ẹlẹ́rìí kejì: Olúfẹ́mi Kọ́lájọ, akọ̀wé kóòtù, ayálégbé yàrá iwájú. Ó fọwọ́ sí i láìrẹ́rìn-ín.

Àfikún. Lọ́la, bọ́ọ̀sì yóò gbéra ní aago méje. N óò kọ́kọ́ fi àdín pa ọ̀pá mi, n óò wé e ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti jókòó, kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀, n óò dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, n óò kúnlẹ̀ kí Kóòṣì, n óò sì ka ojú ewé keje sókè ní Yorùbá títí ẹni tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn yóò fi gbọ́. Bí mo bá kà á tán, n óò yọ bírò inú irun mi, n óò sì bi àwọn ẹgbẹ́ mi pé ta ló fẹ́ lò ó láti fagi lé orúkọ rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù.