Ẹsẹ̀ Bàbá àti Èsì Ẹ̀jẹ̀ Wọn

Ojúlé Kẹrin, Òkè-Ọjà,
Orin-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Títílọpẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni ní Kàdúná? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọkọ yín ti lọ? Ara tiwa le, àfi ọ̀rọ̀ Bàbá tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò.

Ẹ rántí pé ṣegede la pe wíwú abẹ́ etí wọn, tí a ń fi búlúù kùn ún. Jẹjẹrẹ ni, níbi tí itọ́ ti ń sun sẹ́nu. Dókítà Fúnmilọ́lá ní kí wọ́n má dé oko títí tí òun yóò fi ṣiṣẹ́ abẹ. Bàbá fi ohùn tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn pé àwọn ò tilẹ̀ rántí ọ̀nà oko mọ́.

Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ojú dókítà fà ro. Ó ní oríṣi ohun funfun méjì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń pọ̀ bí ara bá wú tàbí bó bá gbọgbẹ́. Bó bá pọ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ jù, irú jẹjẹrẹ yìí lè padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ti Bàbá sì ti pọ̀ jù. Mo lọ kà nípa rẹ̀. Àwọn olùwádìí kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò kò tíì pọ̀ tó.

Ọjọ́ kejì ni mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò Bàbá. Àdá ti ṣá wọn lójúgun nínú oko kòkó, ó ti ń kẹ̀, wọ́n sì wọ ṣòkòtò gígùn bò ó lọ síbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò! Wọ́n ní, "Ṣé kí n jókòó sí ulé bí adìyẹ tó ń sàba ni?" Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ, kí wọ́n má baà sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Mo sọ. Dókítà kọ hàà: "Ẹ̀yin bàbá Orin yìí, ẹ ó pa mí!" Ó tọ́jú ẹsẹ̀ náà, ó sì sún iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.

Egbò ti jinná. Èsì tuntun dé lánàá: iye náà wálẹ̀, àmọ́ kò wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ṣé ìyókù egbò ni, àbí jẹjẹrẹ? Dókítà ní òun ò lè fi ìyẹn nìkan ṣèdájọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ tí mo sọ ṣe Bàbá lóore, tàbí ó kàn fi àkókò wọn ṣòfò.

Bàbá ní kí n ka èsì náà fún àwọn. Mo kà á.

"Ṣé ó dáa?"

Mo ní ó ti wálẹ̀.

Wọ́n gba ìwé èsì náà lọ́wọ́ mi. "Ṣèyí, kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ, pàápàá Ayọ̀wálé.

Èmi àbúrò yín tó ń retí yín,
Ṣèyí