Ọjọ́ tí Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ Mọ Bó Ṣe Pọ̀ Tó

                                        Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Abúlé Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́,
                                        Lẹ́yìn Ìbàfò, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Bélú, 2024.

Sùwéébátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìlọrin? Bàbá Yaqub ńkọ́? Yaqub fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó fi ṣèṣe nídìí bọ́ọ̀lù ti san? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn ti le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá Ṣeun ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́. Àfi Sọ́ńdè nìkan la máa ń ráyè wo ojú ara wa.

Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ ní abúlé yìí tó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí rẹ̀, ńṣe ni orí mi ń wú.

Obìnrin onídìrí kan wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, Ọmọlabí lorúkọ rẹ̀. O ti kúrò níbí kó tó dé. Nínú oṣù Òkúdù, ìrọbí mú un lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ sí Ìbàfò, torí mọ́tò kankan ò lè la ẹrọ̀fọ̀ yẹn kọjá. Ojú ọ̀nà ló bímọ sí. Ọmọ náà ò ké.

Èyí ló mú kí Baálẹ̀ Nọ́fíù ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ká lọ tọrọ ilé ìwòsàn. Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga la bá níbẹ̀. Ọmọlúàbí ènìyàn ni. Ó gbé ìwé ìkànìyàn ńlá kan, ó yí i sọ́dọ̀ wa.

“Ẹ wò ó, Bàbá. Ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ní abúlé yín. Kódà, kò dá dúró. Abẹ́ abúlé mìíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí ìgbà téèyàn kọ orúkọ oko.”

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta?” Baálẹ̀ ní, “Àwọn tó ń kírun lẹ́yìn mi ní Jímọ́ nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ!”

“Mo gbà yín gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ lọ ka ara yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà, ẹ pè mí, n óò wá fojú ara mi rí i.”

A délé, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ìwọ náà ṣáà mọ ẹnu Màmá Sẹ̀kínátù, àgbà tó ju gbogbo wa lọ. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé ẹni tó bá fẹ́ ka ọmọ àwọn, kó kọ́kọ́ lọ ka irun orí tirẹ̀. Gbogbo abiyamọ tò sẹ́yìn wọn. Odindi oṣù kan, nǹkan ò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá ránṣẹ́ sí mi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀kùrọ́.

“Tíṣà, mi ò sùn dáadáa látìgbà ọ̀rọ̀ Ọmọlabí. Ẹ má ka ènìyàn o. Kí kálukú mú ẹ̀kùrọ́ kan wá, ẹ̀kùrọ́ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ̀kùrọ́ ò ní ìyá tó máa bá yín jà.”

A gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ ní Sọ́ńdè kan: ọ̀kan níwájú mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan níbi tiwa nílé-ẹ̀kọ́. Gbémiga náà wá. Èmi rò pé kó tó di ọ̀sán a ó ti parí. Sùwéébátù, ènìyàn kàn ń bọ̀ ni! Wọ́n ń jáde láti inú ilé tó wà níbi tí èmi àtìẹ ti máa ń ṣa igi nígbà kan. Àwọn tó ń jí lọ s'Ékòó kílẹ̀ tó mọ́, tí mi ò rí rí láyé mi, ń kí mi pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà.” Àwọn ìyá di ọwọ́ ọmọ jòjòló mú, wọ́n fi ẹ̀kùrọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kún, a wá òmíràn. Òmíràn tún kún.

Ọmọlabí dé nírọ̀lẹ́. Ó sọ ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀, òmíràn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Tíṣà, ṣé tirẹ̀ lè wọlé?” Màmá Sẹ̀kínátù ló na ọwọ́ gba ẹ̀kùrọ́ náà, wọ́n so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. “Fi sílẹ̀ fún mi,” wọ́n ní, “n óò máa bá ọ gbé e.”

Nígbà tí a kà á tán, ó jẹ́ 4,206. Gbémiga ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un kà.” A tún un kà, iye kan náà ni. Ńṣe la ń wo ara wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Baálẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní, “Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti jẹ Baálẹ̀. Mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run kó lé mi lọ́wọ́.”

Ìwé dé láti ọ́fíìsì ìjọba lóṣù tó kọjá. Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ ti dá dúró báyìí, kò sí lábẹ́ abúlé kankan mọ́. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọn ilẹ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nínú yàrá kan nílé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀nà ṣì burú o, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Bá mi kí Bàbá Yaqub àti Màmá, kó o sì sọ fún Yaqub pé kó rọra máa gbá bọ́ọ̀lù. Màmá Sẹ̀kínátù ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ti pẹ́ jù níta. Wálé lọ́dún yìí. Láná, ní garéèjì Ìbàfò, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pèrò sọ́kọ̀: “Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́! Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ó ku ẹnì kan!” A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tá a ti dáyé. Mo dúró sójú kan, mò ń gbọ́ ọ, títí ọkọ̀ náà fi lọ tán.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,

Ìbíwùnmí.