Bàtà Eré Ìje Karin

                                                  18, Willow Court,
                                                  Finglas, Dublin 11,
                                                  Ireland.
                                                  9 Oṣù Kọkànlá, 2003.

Rafiat, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Ẹ kú ààwẹ̀ o, Ọlọ́run á gbà á. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Íbàdàn? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá Ihsan àti àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tí o kọ "Ìyá Tẹniọlá" sí lára ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Elisha, ọmọ tuntun wa, àbúrò Tẹniọlá, ń ṣe dáadáa, ó ń mu ọmú bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Rafiat.

O rántí Karin, òyìnbó ará Sweden tí a jọ ń di ẹrù ní Ballycoolin? Eré ọlọ́nà jíjìn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Láti kékeré ló ti ń sáré gba inú yìnyín lọ sílé ìwé. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń sá a fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó dé Japan, ó dé Portugal, ó gba fàdákà. Àfi bí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe já. Àwọn dókítà ní ó parí, àwọn tó ń náwó lé e lórí sì sá. Ó bá wá sí Dublin, ó ń di ẹrù, ó sì ń sáré ní Phoenix Park, nínú bàtà kan ṣoṣo tí wọ́n rán fún ẹsẹ̀ náà ní Sweden. Àwọn aláṣẹ eré ìje ilé wọn wá ní bó bá ṣe dáadáa nínú ìdíje oṣù Kẹwàá níbí, àwọn á mú un lọ sí Olympics ní Athens. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Bí èyí bá bọ́, ó tán nìyẹn.

Mo pè é síbi ìsọmọlórúkọ Elisha. Eré ló sá wá, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa. Sister Bímpé, olórí àwọn aládùúrà ìjọ wa, ló gbé Elisha lé e lẹ́yìn, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń wá ọmọ, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Nítorí kí ni? Nítorí pé Karin, Karin ni gbogbo wa ń pè é, a ò gbọ́ Ìyá Lágbájá rí! Karin rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni, ó ń jó. Ìgbà tó máa lọ, a wá bàtà, a ò rí i. Sálúbàtà Gbọ́lá ọkọ mi ló wọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, Bímpé pè mí, ó ń yangàn: "Sister, I've settled it! Mo ti ju bàtà yẹn sí bin. Eré yẹn ló ń gbẹ ilé ọmọ ẹ̀. You will thank me." Kí n tó dé ìdí bin, àwọn akódọ̀tí ti lọ. Rafiat, mo pariwo! Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, èyí ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Bàtà mìíràn ni Karin fi sáré. Mo dúró létí títì, mo pọn Elisha. Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ti kun ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó parí eré náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Athens ti lọ.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "It's grand, Adélọ́lá," bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé kò burú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bi mí pé àdúrà kí ni wọ́n gbà fún òun. Mo sọ fún un. Ló bá yọ fọ́tò kan. Ọmọ rẹ̀ ni! Elin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Sweden. Ọdún kejì tó bí i ló ti padà sórí eré. Mo sọ fún Bímpé. O mọ ohun tó sọ? Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni? Ó ní kí àwọn tún gbàdúrà sí i!

Mo búra pé gbogbo ìjọ ni yóò máa pe Karin ní Ìyá Elin láti òní lọ. Karin ní rárá. Ó ní Karin ni orúkọ tí òun fi sá gbogbo eré òun, Elin ní tirẹ̀. Rafiat, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, òun nìkan ló ń fi orúkọ pè mí. Gbọ́lá gan-an, "Ìyá Tẹni" ni.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Kí Bàbá Ihsan, àní kí Hamid ọkọ rẹ. Tí o bá ń fèsì, jọ̀wọ́, má kọ Ìyá Tẹniọlá sí i mọ́. Orúkọ mi ò tíì sọnù.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni,
Adélọ́lá.