Fọ́tò Tí Wọ́n Ya Àwọn Apẹja Wa Lẹ́nu Iṣẹ́

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Etí Omi,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Ara tiwa náà le, ọpẹ́ ni. Àwọ̀n tí mò ń tún ṣe ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì, má bínú.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Lóṣù tó kọjá, ayàwòrán kan gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń ya fọ́tò dé, irú èyí tí a ò rí rí. Ó ní òun fẹ́ ya àwọn apẹja lẹ́nu iṣẹ́, kí gbogbo ayé lè rí wọn. Inú olórí apẹja dùn débi pé aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ ló wọ̀ wá sétí omi. Ayàwòrán ní aṣọ náà ti dára jù fún apẹja. Bàbá tó ti ń pẹja láti ogójì ọdún wá ń yá àkísà kiri kó lè jọ apẹja!

Ìyẹn nìkan kọ́. Àpótí náà kì í tètè ríran. Tí èèyàn bá mira kí wọ́n tó ka ogún, fọ́tò bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló sì lè ní kí omi dúró jẹ́ẹ́? Ni wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ gun orí ilẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ń fi àjẹ̀ tu iyanrìn. Olórí apẹja wà níwájú, ọkọ mi wà lẹ́yìn, ó di àwọ̀n tí kò ní ẹja kankan mú, ó fajú ro bí ẹni gbé oògùn kíkorò sẹ́nu.

Àbúrò ọkọ mi nìkan ló lọ pẹja lọ́jọ́ náà. Ó ní fọ́tò kì í ṣe ọbẹ̀. Èmi ni mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán tí ìgbì dojú ọkọ̀ ẹ̀ dé, tó ń ju ọwọ́. Mo figbe ta:

"Bàbá ọmọ mi, àbúrò yín ń rì o!"

"Kẹ́nikẹ́ni má mira!" ni ayàwòrán pariwo lábẹ́ aṣọ dúdú tó fi borí. "Ó ku mẹ́jọ!"

Ọ̀rẹ́ mi, wọn ò mira! Ẹyinjú olórí apẹja yí sọ́hùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbọ̀n ẹ̀ ò kúrò níbi tí wọ́n ní kó gbé e sí. Ọkọ mi nìkan ló ju àwọ̀n nù, tó bẹ́ sómi. Ọkàn mi ò wálẹ̀ títí mo fi rí i tó ń fa àbúrò ẹ̀ bọ̀. Ó ti mu omi yó, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ayàwòrán ò tiẹ̀ béèrè ẹni tó ń rì. Ó ní ọkọ mi ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé ni fọ́tò dé. Wọ́n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ apẹja, wọ́n kọ "Apẹja Lẹ́nu Iṣẹ́" sábẹ́ ẹ̀. Àwọn márùn-ún hàn kedere. Níbi tí ọkọ mi jókòó sí, èéfín funfun lásán ni. Olórí apẹja ń ṣàlàyé fáwọn àlejò pé, "Ẹ má wo ìyẹn, ẹni tí ò lè fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ ni." Àbúrò ọkọ mi dìde, ó fi ìka kan èéfín náà, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì lé ròrò sójú mi. Láti ìgbà náà, gbogbo àdúgbò ti ń pe ọkọ mi ní Èéfín, ó sì ń jẹ́ wọn bí ẹni tó joyè.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ká fojú kanra láyọ̀.

Tìrẹ ni mí tọkàntọkàn,
Ìyàwó Èéfín.