Ẹ̀ka Kẹfà Nínú Ẹgbẹ́ Tí Ó Ní Ẹ̀ka Mẹ́ta

Ilé 3C, 1180 Harrow Bend,
Soundview, Bronx,
New York.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága àti Ìgbìmọ̀ Olùdarí,
Ẹgbẹ́ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá ní Bronx,
Gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́, Co-op City,
Bronx, New York.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ "ÀTÚNTÒ" TÍ Ó YỌ SOUNDVIEW ÀTI FORDHAM KÚRÒ NÍNÚ ÌJÓKÒÓTÌ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ IṢẸ́ ABẸ ÌYÁÀFIN ADÉNÍKẸ́ ÒKÈ

Èmi, Olúyẹ́misí Túbọ̀sún, ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí. Mo kọ ọ́ lórúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń gbé ní Soundview àti Fordham, tí wọ́n pàdé ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, tí wọ́n sì ní kí n jẹ́ ẹnu fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó kò ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Òkè ti fi ogún ọdún sìn rán ẹnì kan lọ jókòó tì wọ́n ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá. Ẹ ti kọ̀. Ìwé yìí yóò ṣàlàyé ohun tí ẹ kọ̀, àti irú ọgbọ́n tí ẹ fi kọ̀ ọ́.

1. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí Ìjókòótì jẹ́, bí ó tilẹ̀ yẹ kí Ìgbìmọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wọ ilé ìwòsàn tí kò sì ní ẹbí nítòsí, ẹgbẹ́ a máa rán ẹnì kan lọ jókòó tì í. Ẹni náà yóò fetí sí ohun tí dókítà wí, yóò rí i pé oúnjẹ kò tutù sórí tábìlì láìjẹ, yóò sì bá aláìsàn wọ mọ́tò padà sílé. Ìyáàfin Òkè ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ ìlú wa kan kú ní yàrá ilé ìwòsàn, tí àwọn nọ́ọ̀sì kò sì mọ ẹni tí wọn yóò pè. Màmá ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ẹni tó tún wọlé lẹ́yìn náà. Wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan, nítorí kò sí ìgbìmọ̀ kankan nígbà náà.

2. Ní Ọjọ́ Ẹgbẹ́, nínú oṣù Kẹfà ọdún yìí, ẹ pè mí kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì: bí wọ́n ṣe gbìyànjú láti tún ìjọba ìlú Ìsítáńbùlù tò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Alága fúnra wọn ló fà mí síwájú. Wọ́n ní kí àwọn òbí wá wo ọmọ tó kàwé tí kò gbàgbé èdè. Mo dúpẹ́ nígbà náà.

Ọ̀nà méjì ni mo pín ọ̀rọ̀ mi sí. Ìdajì àkọ́kọ́ dá lórí ohun tí àwọn alátùn-únṣe ṣe ìlérí rẹ̀. Ìlú àtayébáyé ni Ìsítáńbùlù, ìjọba ńlá mélòó kan ti jẹ níbẹ̀ tí wọ́n sì ti lọ. Òpópónà rẹ̀ há, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, iná sì ń jó àdúgbò tẹ̀ lé àdúgbò. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà kó àwọn sójà àti oníṣòwò Yúróòpù wọ̀lú, ojú ti àwọn aláṣẹ nítorí ẹrẹ̀ tí àlejò ń rí. Wọ́n yan olórí ìlú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ìlú sí ẹkùn mẹ́rìnlá lórí ìwé, wọ́n sì ní kí ọ̀kan ṣíwájú kí ó lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún àwọn yòókù. Èyí tí wọ́n mú ni Galata àti Pera, níbi tí àwọn báńkì wà, tí àwọn olówó àti àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè ń gbé. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹkùn Kẹfà nígbà tí kò tíì sí ìkíní. Ohun tó fà á ni pé wọ́n gbọ́ pé ẹkùn kẹfà ló dára jù ní Párísì.

Bí mo ti dé ibẹ̀ yìí ni wọ́n kéde pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ìgbìmọ̀ dìde, gbọ̀ngàn tẹ̀ lé wọn. Ìdajì kejì, èyí tó sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ yọrí sí, àwọn àga ni mo kà á fún, àti Ìyáàfin Òkè, tí wọ́n gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ ọ dé òpin.

3. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni Àtúntò yín jáde. Ó sọ Co-op City di ẹ̀ka àwòkọ́ṣe. Ó ní kí Ìjókòótì wà fún ẹ̀ka náà nìkan "títí àwọn ẹ̀ka yòókù yóò fi gbọ́njú." Ó ní ẹni tí kò bá ní ilé tirẹ̀ kò lè jókòó nínú Ìgbìmọ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Bronx mọ̀ pé rẹ́ǹtì ni a ń san ní Soundview àti Fordham. Ẹ sì fún ẹ̀ka àwòkọ́ṣe ní orúkọ: Ẹ̀ka Kẹfà.

Ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka mẹ́ta. Mo tún un kà kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀: Co-op City, Soundview, Fordham. Nígbà tí mo béèrè ibi tí ẹ̀ka kẹrin àti karùn-ún wà, Akọ̀wé Àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Kànmí, dá mi lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é." Nínú gbogbo ọgbọ́n tó wà láyé tí a lè yá lò, nọ́ńbà tí àwọn ará Ìsítáńbùlù yá lọ́wọ́ àwọn ará Párísì ni Ìgbìmọ̀ yìí tún lọ yá. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó. Ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn ọmọdé tó ń kọ́ òǹkà Yorùbá ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé yóò ti máa rí i.

4. Níwọ̀n bí Ìgbìmọ̀ ti wà nídìí ìrẹsì nígbà tí mo ń ka ìdajì kejì, mo tún un kà níhìn-ín ní ṣókí. Ní Ẹkùn Kẹfà, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá pọ̀ tó nìkan ló lè jókòó nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n fẹ òpópónà, wọ́n tan iná gáàsì. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà lódìkejì omi, ẹni tó bá jáde lálẹ́ ní láti gbé fìtílà tirẹ̀ dání. Àwọn ará ibẹ̀ ń wo iná Pera láti òkèèrè. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí òfin kan tó jáde pé kí gbogbo ẹkùn ṣe bíi ti Ẹkùn Kẹfà, orí ìwé ni èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà sì wà. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wo àwòkọ́ṣe. Wọn kò fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi kọ́ṣe. Ìkìlọ̀ ni mo gbé wá sí gbọ̀ngàn yín. Ẹ sọ ọ́ di ìwé òfin.

5. Mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ láti sọ èyí. Alága wí pé, "Yẹ́misí, ìwọ náà lo kọ́ wa. Àbí o fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ara rẹ jẹ lójú àgbà ni?" Ọ̀gbẹ́ni kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ sọ fún Soundview kó fara balẹ̀ jàre! A kì í bímọ lónìí kó rìn lónìí!" Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ló sì rẹ́rìn-ín jù. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó tó kí n sọ pé nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún tó kọjá, Ìyáàfin Hassanat láti Soundview ló jókòó tì í títí ó fi lè dá rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí a kọ́ ní ìrìn lọ́dún tó kọjá ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kò tíì rìn.

6. Èyí ni kókó ẹjọ́ wa, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí ẹ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ta ló ń jókòó ti àwọn aláìsàn Ẹ̀ka Kẹfà? Láti ìgbà tí Àtúntò ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ará Co-op City kan ṣoṣo tó lọ. Àwa ni. Àwọn obìnrin Soundview àti Fordham ló mọ bí a ti ń gbé aláìsàn dìde láìṣe é léṣe, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Wọ́n ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, láti inú bọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn ènìyàn yín. Àwọn tí ẹ ní wọn kò tíì gbọ́njú tó láti gba ìtọ́jú ti gbọ́njú tó láti ṣe é.

7. Ìyáàfin Òkè ń dá gbé ní Soundview. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Ìbàdàn, wọn kò sì fún un ní físà. Egungun ìbàdí Màmá ti jẹ nítorí gbígbé bàbá àti ìyá àwọn ẹlòmíràn sókè lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní ṣe é àyàfi bí Màmá bá dárúkọ ẹni tí yóò mú wọn relé tí yóò sì dúró tì wọ́n. Màmá dárúkọ ẹgbẹ́, bí wọ́n ti máa ń dárúkọ ẹgbẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì pe Akọ̀wé Àgbà, ó sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí Màmá lè gbọ́. Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Kànmí jáde sí gbangba yàrá: "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ̀ka yín ò tíì wọlé ni."

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí àwa kò fi lè lọ fúnra wa. A bẹ Màmá. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Bí kò bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló rán yín, ẹ má wá. N ò dá Ìjókòótì sílẹ̀ fún ojú àánú." Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ kò bá rán ẹnikẹ́ni, àwọn yóò dá ọjọ́ náà padà fún ilé ìwòsàn. Dókítà ti sọ pé ìgbà ìrúwé ni ọjọ́ mìíràn tó wà, àti pé bí ìbàdí náà ti ń jẹ lọ yìí, ó ṣeé ṣe kí Màmá má lè rìn mọ́ kí ìgbà náà tó dé.

Tomasa, ọmọ Puerto Rico tó ń gbé ní ilé tó kọjú sí ti Màmá, kò gbọ́ Yorùbá ju àdúrà òrìṣà tí ìyá rẹ̀ àgbà fi sílẹ̀ fún un lọ. Òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá báyìí. Ó bi mí pé àwọn àgbà wa ńkọ́. Mo ní wọ́n wà ní Co-op City, lábẹ́ pátákó.

8. Alága yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti Ìyáàfin Òkè. Ìyáàfin Hassanat ni ẹgbẹ́ yàn láti jókòó tì wọ́n. Ní ìpàdé wa, àwọn kan ní kí wọ́n má lọ. Ìyáàfin Hassanat dáhùn pé, "Ojú tó ń dunni ò mọ Àtúntò. Èmi á lọ ní tèmi." A fara mọ́ ọn. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe ka ìwé yìí sí ìhalẹ̀: kò sí aláìsàn yín kan tí a ó fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí Alága bá lajú, ará Soundview ni wọn yóò kọ́kọ́ rí.

A wá ń béèrè pé:

(a) kí ẹgbẹ́ yan ẹni tí yóò jókòó ti Ìyáàfin Òkè lórúkọ ẹgbẹ́, kí Akọ̀wé Àgbà sì fúnra rẹ̀ pe ilé ìwòsàn. Fóònù tó fi kọ̀ ni kó fi gbà;

(b) kí Ìjókòótì padà sí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà, láìsí pé ọ̀kan ń dúró de èkejì láti gbọ́njú;

(d) kí ẹ pa òfin onílé rẹ́. Bí owó ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san rẹ́ǹtì bá dára láti gbà, ohùn rẹ̀ náà dára láti gbọ́;

(e) kí ẹ sọ pátákó náà kalẹ̀;

(ẹ) kí Ìgbìmọ̀ jókòó gbọ́ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ mi, ṣáájú oúnjẹ.

A fẹ́ èsì ní kíkọ kí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, tó kọjá. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ilé ìwòsàn yóò béèrè orúkọ lọ́wọ́ Màmá fún ìgbà ìkẹyìn, Màmá kò sì ní orúkọ mìíràn láti dá ju tiyín lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín, bí ẹ bá ṣì ka Soundview mọ́ tiyín,

Olúyẹ́misí Túbọ̀sún,
Agbẹnusọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Soundview àti Fordham.