Bàbá Bá Éjẹ́ǹtì Wọn Du Pijó

Màmá,

Pijó funfun tó wà lẹ́nu géètì, tiwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí Bàbá bá ti mọ́sáláṣí dé, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n rà á.

Búròdá Ràṣákì éjẹ́ǹtì ti ní kí wọ́n jókòó sílé, òun á bá wọn rà á ní gbàǹjo ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Ara Bàbá ò gbà á. Wọ́n yọ́ lọ láàárọ̀, wọ́n dúró sẹ́yìn èrò. Ni wọ́n bá ń gbọ́ ohùn ẹnì kan níwájú tó ń fowó lé Pijó náà. Inú bí wọn. "Ta ló fẹ́ gba mọ́tò mi nínú ọ̀wọ́ngógó SAP yìí?" Làwọn náà bá ń fowó lé e, títí ẹni yẹn fi dákẹ́. Èrò pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ìgbà tí ọkùnrin náà máa yíjú padà, Búròdá Ràṣákì ni! "Háà, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ń bá mi du mọ́tò tí ẹ rán mi rà?"

Látìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò tíì jẹun. Mọ́tò ni wọ́n kàn ń fọ̀ títí wọ́n fi lọ kírun. Ìrẹsì wọn wà nínú fúláàsì.

Mo fẹ́ jókòó síwájú wò, wọ́n lé mi sẹ́yìn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ kí ìyàwó àwọn tó jókòó.

Sùlíyá