Ẹnu Ààwẹ̀ Ni, Kì Í Ṣe Ẹnu Ọtí

Àǹtí wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́.

Kíréènì ni mò ń wà nílé iṣẹ́ epo kan ní Port Harcourt níbí. Àràárọ̀ la máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ ọtí wò ní géètì. Mò ń gbààwẹ̀ nítorí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, omi nìkan ni mò ń mu. Ṣàdédé ni ẹ̀rọ figbe ta. Èmi díákónì, tí n kì í fẹnu kan ọtí! Wọ́n ní kí n máa lọ sílé ná.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa ní ebi ni. Ó ní bí èèyàn ò bá jẹun, ara á máa yọ́ ọ̀rá tirẹ̀ jẹ, òórùn rẹ̀ á gba ẹnu jáde, ẹ̀rọ sì lè ṣì í pè ní ọtí. Ọmọ mi náà ti wí i: "Daddy, your mouth dey smell like nail polish." Nọ́ọ̀sì ní kí n jẹun dáadáa, kí n padà wá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé.

Mo sọ fún pásítọ̀ wa. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, kí n fi ọ̀sẹ̀ kan kún ààwẹ̀.

Àǹtí, ó ti rẹ̀ mí. Ìyàwó mi ti gbé ẹ̀bà kalẹ̀, ó ń wò mí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n bu òkèlè ni, àbí kí n ṣì máa fi ebi tọrọ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ tí ebi ń gbà lọ́wọ́ mi?